Nígbà Tí Ọmọ Kò Bá Ọwọ́ Tó Ń Fà Á Wá

Wẹ́rẹ́ ni àdúrà aláboyún. Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà pé kí wọ́n fi irinṣẹ́ fa ọmọ òun, ká má tíì sọ pé kí wọ́n fà á kó má wá, kí wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré gbé òun lọ sí tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ. Síbẹ̀ ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìyá tí kò ṣe àṣìṣe kankan, lọ́wọ́ dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lè gba ilé lọ pẹ̀lú ọgbẹ́ méjì, ọ̀kan níkùn, ọ̀kan lójú ara, àti ìbéèrè kan tí kì í jẹ́ kó sùn: ṣé èmi ni mi ò tì dáadáa, àbí àwọn ni wọn ò mọ̀ ọ́n fà?

Ìbéèrè yẹn la fẹ́ dáhùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Ohun tó sì ń dùn wá ni pé ojú ìkùnà ni wọ́n fi ń wo ọwọ́ tí dókítà dá dúró, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà. Fífà mẹ́ta tí ọmọ kò bá wá kì í sábà ṣe ọmọ lọ́ṣẹ́ tó fífà kẹrin, ìkarùn-ún, tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn tó ti hàn gbangba pé kò lọ.

Irinṣẹ́ méjì la ń sọ nípa wọn. Fọ́sẹ́ẹ̀pù ni ẹ̀mú irin eléwé méjì, tó rí bíi ṣíbí ńlá méjì tó kọjú síra, tó ń gba orí ọmọ mọ́ra láti ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì. Ó ti pẹ́ láyé: ìdílé Chamberlen ní England fi í pamọ́ bí àṣírí iṣẹ́ wọn fún ohun tó lé ní 100 ọdún kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Fakúùmù ni ife, ti irin, ti ike líle tàbí ti rọ́bà, tí a gbé lé orí ọmọ, tí a sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí yóò fi lẹ̀ mọ́ awọ orí. Tage Malmström ará Sweden ló ṣe irú èyí tó wá gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1950.

A kì í kàn gbé wọn sórí ọmọ. Ẹnu ilé ọmọ gbọ́dọ̀ ti ṣí tán, sẹ̀ǹtímítà 10 gbáko, nítorí bí ètí rẹ̀ bá ṣì kù sílẹ̀, irinṣẹ́ yóò fà á ya. Omi ọmọ gbọ́dọ̀ ti ya. A gbọ́dọ̀ fi kátítà, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, fa ìtọ̀ inú àpò ìtọ̀ jáde, torí àpò ìtọ̀ tó kún ń dí ọ̀nà ọmọ, ó sì rọrùn láti pa lára. Oògùn ìrora gbọ́dọ̀ ti mú. Ìyá gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kó sì gbà. Fún ọmọ tí oyún rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 32, fakúùmù kò yẹ rárá. Láàárín ọ̀sẹ̀ 32 sí 36, ìṣọ́ra ló gbà.

Méjì tó kù ni ọ̀pọ̀ ìkùnà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ibi tí orí wà. Bí a bá fi ọwọ́ wá orí ọmọ láti orí ikùn, ohun tí ọwọ́ yóò bà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ọwọ́ tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò láti ìsàlẹ̀ nìkan lè tanni jẹ. Orí tó ti há sójú ọ̀nà fún wákàtí púpọ̀ máa ń wú. Awọ rẹ̀ á rọ̀, á nípọn, egungun orí á gorí ara wọn, orí á gùn ṣóńṣó. Ìka á ba nǹkan rírọ̀ yìí nítòsí ẹnu ọ̀nà, á rò pé ọmọ ti dé, bẹ́ẹ̀ awọ tó wú ló dé, egungun orí gan-an ṣì wà lókè. Ìdí nìyí tí ọwọ́ orí ikùn fi ṣe pàtàkì tó ọwọ́ ìsàlẹ̀, tí ó sì dára kí a gbé ẹ̀rọ àwòrán olóhùn (skáànù) sí ikùn bí iyèméjì bá wà.

Èkejì ni ibi tí ọmọ kọjú sí. Àwùjẹ̀ ni ìka ń wá. Àwùjẹ̀ iwájú tóbi, igun mẹ́rin ló ní. Ti ẹ̀yìn kéré, igun mẹ́ta ni. Bí àwùjẹ̀ ẹ̀yìn bá wà lápá iwájú ìyá, ìpàkọ́ ọmọ ló ṣíwájú, ìyẹn sì ni ọ̀nà tó rọrùn jù. Bí ìpàkọ́ bá wà lẹ́yìn, tí ojú ọmọ ń wo òkè, tàbí tí orí dùbúlẹ̀ ní ìbú, ọ̀nà ti há nìyẹn. Orí tó wú lè bo àwùjẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó sàn kí a wá etí ọmọ, kí a mọ ibi tí ó ṣẹ́ sí, ju kí a máa méfò lọ.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọwọ́ tó ń gbé fakúùmù sílé. Kì í ṣe ibikíbi lórí ọmọ ni ife ń bọ́ sí. Ojú ibì kan ni, lórí ìlà tí egungun orí méjì ti pàdé, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 síwájú àwùjẹ̀ ẹ̀yìn. Bí àárín ife bá bọ́ síbẹ̀, tí a sì fà, àgbọ̀n ọmọ á lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, orí á sì gba ọ̀nà tó kéré jù jáde, bíi sẹ̀ǹtímítà 9.5. Bí ife bá sún síwájú jù, ńṣe ni fífà ń gbé àgbọ̀n sókè. Orí á máa wá pẹ̀lú ìwọ̀n tó sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 11.5. Sẹ̀ǹtímítà 2 yẹn ló sábà máa ń pín ọmọ tó wá níyà sí ọmọ tó há.

Lẹ́yìn tí ife bá ti bà, dókítà á fi ìka kan yí ètí rẹ̀ ká, díẹ̀díẹ̀, láti rí i pé ẹran ara ìyá kò há sábẹ́ rẹ̀. Á fa afẹ́fẹ́ jáde títí ìwọ̀n yóò fi dé 500 sí 600 mílímítà mẹ́kúrì, á tún fi ìka yí i ká. Kò gbọdọ̀ fà bí ilé ọmọ kò bá súnkì. Ìgbà tí ìsúnkì bá dé, tí ìyá ń tì, ni ọwọ́ kan ń fà, tí ọwọ́ kejì wà lórí ife àti orí ọmọ láti mọ̀ bóyá egungun ń bá ife bọ̀, àbí awọ nìkan ló ń nà. Ọwọ́ kejì yìí ni ẹlẹ́rìí. Awọ lè máa sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí egungun má mira. Ẹni tí kò bá fi ọwọ́ kejì síbẹ̀ á rò pé iṣẹ́ ń lọ. Ìsàlẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń fà sí, bí ẹni ń fa nǹkan lọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ọwọ́ tó máa yí sókè bí orí bá ti ń kọjá abẹ́ egungun iwájú abẹ́.

Ibo ló wá yẹ ká dúró? Fífà mẹ́ta ló yẹ kó gbé orí dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, àwọn onímọ̀ gbà pé a lè fi fífà pẹ̀lẹ́ díẹ̀ kún un, kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, láti jẹ́ kó rọra yọ láìya ìyá púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí fífà àkọ́kọ́ àti ìkejì kò bá mú egungun orí sọ̀kalẹ̀ rárá, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè, kì í ṣe kí a fi agbára kún un. Bí ife bá já kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ó tó. Dókítà tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ó bá já lẹ́ẹ̀kan. Ti fọ́sẹ́ẹ̀pù, bí ewé rẹ̀ kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, tàbí tí èèkù rẹ̀ méjèèjì kò bá gbà láti pàdé, kò sí ohun tó ń jẹ́ pé ká fi agbára tì í. Ó ń sọ fún wa pé ibi tí a rò pé orí kọjú sí kọ́ ló kọjú sí.

Ife tó ń já kì í já lásán. Ó lè jẹ́ pé kò bọ́ síbi tó yẹ, pé ẹran ara há sábẹ́ rẹ̀, pé orí wú jù, pé ọwọ́ ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó fà tààrà. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ tóbi ju ọ̀nà lọ. Ọmọ tó bá ju kílò 4 lọ, ìyá tó sanra púpọ̀, orí tó ṣì ga, ìpàkọ́ tó wà lẹ́yìn: àwọn wọ̀nyí ni ibi tí fífà ti sábà máa ń kùnà. Bí méjì nínú wọn bá parapọ̀, inú tíátà ló yẹ kí fífà náà ti wáyé látìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti wẹ ọwọ́ sílẹ̀. Gbígbé ìyá kọjá láti yàrá ìbímọ sí tíátà lẹ́yìn tí fífà ti kùnà ń jẹ ìṣẹ́jú tí ọmọ lè má ní.

Àwọn kan á ní: bí fakúùmù kò bá lọ, kí ló dé tí a ò gbé fọ́sẹ́ẹ̀pù? Ó ṣeé ṣe, nígbà tí orí ti sọ̀kalẹ̀ dáadáa, tó kù díẹ̀ kó yọ, tí ife kàn já. Níbẹ̀, fọ́sẹ́ẹ̀pù lè gba ìyá lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ tó le. Ṣùgbọ́n bí orí kò bá ti mira, irinṣẹ́ kejì lórí àkọ́kọ́ ń fi kún ewu kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn sínú orí ọmọ, ó sì ń fi kún ewu kí ìyá ya dé ihò ìdí. A ò fara mọ́ ọn kí a gbé e nítorí ìtìjú pé èyí àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́.

Ìgbà tí wọ́n bá ti sọ pé ó di iṣẹ́ abẹ, bí ìlùkìkì ọkàn ọmọ bá ti ń lọ sílẹ̀, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lé ni ìṣẹ́jú 30 láti ìgbà ìpinnu dé ìgbà tí ọmọ bá jáde. Bí ọkàn ọmọ bá ṣì dára, àyè díẹ̀ wà, ó sì dára kí a lò ó. Wọ́n á yọ ife kúrò. Wọ́n á pa oxytocin tó ń kán, oògùn tó ń mú ilé ọmọ súnkì, nítorí kò yẹ kí ilé ọmọ máa ti orí wọnú egungun sí i. Wọ́n á da ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì díẹ̀ kí ilé ọmọ má tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀. Wọ́n á ránṣẹ́ lọ gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á fún un ní oògùn tí ń pa kíkan inú ikùn, àti oògùn apakòkòrò kí abẹ tó kan awọ. Bí epidural, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí oògùn ìrora ń gbà wọ ẹ̀yìn, bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n á fi oògùn tó lágbára kún un. Bí kò bá sí, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Bí kò bá sí àkókò, wọ́n á kùn ún lóorun. Wọ́n á tún gbọ́ ọkàn ọmọ nínú tíátà, wọ́n á sì tún yẹ ìsàlẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí nígbà mìíràn orí ti sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún. Èyí ló yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Nínú iṣẹ́ abẹ tí kò sí ìrọbí, orí ọmọ ń léfòó lókè egungun ìbàdí, ọwọ́ kan á gbé e. Níbí, wákàtí ìrọbí, títì àti fífà ti gbá orí wọnú egungun bíi ìdérí ìgò tí wọ́n gbá wọlé. Apá ìsàlẹ̀ ilé ọmọ ti nà, ó ti fẹ́lẹ́, ó ti gòkè. Bí abẹ bá gé e níbi tí ó máa ń gé e lójoojúmọ́, ó lè gé ẹnu ilé ọmọ tàbí ojú ara gan-an láìmọ̀. Nítorí náà, dókítà gbọ́dọ̀ gé e lókè ju ibi tó máa ń gé lọ, kó sì mọ ibi tí àpò ìtọ̀ wà, torí òun náà ti gòkè.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ yóò wọlé. Ẹ wo ọwọ́ yìí dáadáa. Àlàfo tó wà láàárín orí ọmọ àti egungun iwájú abẹ́ lè má gba ju ìka lọ. Bí dókítà bá fi agbára ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí ilé ọmọ ń súnkì, tí ó sì fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣe ọ̀pá ìgbélékè lórí ètí ìsàlẹ̀ ojú ọgbẹ́, ètí náà á ya. Kì í ya sí àárín. Ìhà ni ó ń ya sí, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ilé ọmọ wà, tàbí kó ya lọ sísàlẹ̀ sínú ẹnu ilé ọmọ. Ohun tó yẹ ni kó dúró, kí ìsúnkì lọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú tíátà ó ń gùn bí ọdún. Bí ilé ọmọ kò bá rọ̀, oníṣègùn akunnilóorun lè fún un ní oògùn tí ń rọ̀ ọ́, bíi terbutaline máíkírógíráàmù 250 lábẹ́ awọ. Lẹ́yìn náà, ìka á rọra rìn yí orí ká títí á fi dé ìpàkọ́, á tẹ orí kí àgbọ̀n lè wọ àyà, á sì gbé e gòkè síhà orí ìyá, kì í ṣe síta.

Bí ìyẹn kò bá tó, ẹlòmíràn á ti orí láti ojú ara. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó tì í, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá dúró nítòsí. Wọ́n á ya ẹsẹ̀ ìyá sọ́tọ̀, ẹni tó ń tì í á tẹ́ ìka rẹ̀ ká orí, kí agbára pín, á sì tì í sókè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá sọ fún un. Ìka kan tàbí méjì tó ń gún ojú ibì kan lè fọ́ egungun orí ìkókó. Ọ̀nà mìíràn ni kí oníṣẹ́ abẹ wá ẹsẹ̀ ọmọ lókè, kó fi ẹsẹ̀ fà á jáde, kí orí wá kẹ́yìn. Nígbà tí orí bá há gan-an, ìyẹn kì í sábà ya ilé ọmọ tó títì láti ìsàlẹ̀. Ohun tó burú jù ni kí gbogbo ènìyàn nínú tíátà má tíì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí abẹ tó kan awọ. “Bí orí bá há, ta ni yóò tì í?” Gbólóhùn kan péré ni, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni náà.

Ọmọ ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ilé ọmọ tó ti súnkì láti àná ti rẹ̀, kì í fẹ́ súnkì mọ́. Ìyá tó pàdánù ju mìlílítà 1,000 lọ ti wọ inú ewu. Wọ́n á fún un ní oxytocin, wọ́n á fi ọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á sì fún un ní tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, gíráàmù 1 láàárín wákàtí 3 lẹ́yìn tí ọmọ bá wáyé. Wọ́n á wá igun ọgbẹ́ méjèèjì títí dé òpin wọn kí wọ́n tó rán an. Kí ìyá sì tó kúrò lórí tábìlì, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìsàlẹ̀ wò: ibi tí wọ́n gé láti fi irinṣẹ́ wọlé, ibi tí ọwọ́ ya, òwú tó wà nínú ojú ara. Ikùn ti gba gbogbo àkíyèsí. Ó rọrùn láti gbàgbé ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Ìkókó náà nílò ojú tó ń ṣọ́ ọ. Ibi tí ife wà á wú roboto; ìyẹn á lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ lè kó jọ sábẹ́ awọ tó bo egungun orí kan. Kì í kọjá ìlà tí egungun orí méjì ti pàdé, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ. Ó lè mú ojú ọmọ pọ́n bíi ti ibà pọ́njú, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń túká. Fọ́sẹ́ẹ̀pù lè fi àpá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí kí ẹnu ọmọ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọjọ́ díẹ̀.

Èyí tí a ń bẹ̀rù ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn sábẹ́ awọ orí gbogbo, tí kò mọ ìlà egungun. Àyè ibẹ̀ tóbi, kò sí ohun tó dá a dúró. Ìkókó kílò 3 kò ní ju nǹkan bíi mìlílítà 240 ẹ̀jẹ̀ lọ nínú ara. Ó sì lè dà á púpọ̀ sí abẹ́ awọ orí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹ̀jẹ̀ kan lóde. Ẹ fi ọwọ́ bà á: orí náà ń mì bí àpò omi, ìwú rẹ̀ ń sún lọ sí ìpàkọ́ bí ọmọ bá yíjú, etí á dà bí ẹni tí nǹkan tì síwájú. Ọmọ á funfun, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, kò ní fẹ́ mu ọmú. Ìgbà tí orí bá ń tóbi sí i láti wákàtí dé wákàtí, kì í ṣe ìgbà tí a ó máa wò ó títí di àárọ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé fífà ti kọ́kọ́ wáyé, nítorí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lálẹ́ lè rí àmì iṣẹ́ abẹ níkùn ìyá, kó má sì mọ̀ pé ife ti wà lórí ọmọ.

Ìyá: kátítà á wà fún ó kéré tán wákàtí 12, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀, bí àpò ìtọ̀ bá ti fara gbá. Kó má dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tó wú, tó ń dùn, èémí tó dédé kúrú, ọgbẹ́ tó ń ṣọyún, ibà, ẹ̀jẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà: kó padà kíákíá. Àyà tó ń já ṣáá bí ó bá rántí, oorun tó kọ̀ ọ́, ọmọ tí kò wù ú láti gbé: ìwọ̀nyí náà jẹ́ àìsàn tí ìtọ́jú wà fún. Sísọ fún un pé “ṣáà máa dúpẹ́, ohùn ìyá àti ohùn ọmọ la gbọ́” kò tó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìdáhùn.

Ti oyún mìíràn ńkọ́? Nínú àwọn ìyá tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n gbìyànjú láti bí ní ojú ara, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń bí i. Ilé ọmọ ń ya lójú àpá ní bíi ẹnì kan nínú 200. Bí fífà bá kùnà nítorí ìpàkọ́ tó wà lẹ́yìn, kò túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ilé ọmọ tí wọ́n gé nígbà tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí tán lè ti ba ẹnu ilé ọmọ lára, ó sì ń fi kún ewu kí ọmọ tó kàn tètè dé kí oṣù rẹ̀ tó pé. Dókítà tó máa tọ́jú oyún náà ní láti mọ̀.

Nítorí náà, kí ìyá béèrè fún ìwé kí ó tó lọ ilé, kí ẹnì kan sì kà á fún un kó yé e: ibo ni orí wà, ibo ni ìpàkọ́ kọjú sí, irinṣẹ́ wo ni wọ́n lò, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n fà, ife já àbí kò já, irú ojú ọgbẹ́ wo ló wà lórí ilé ọmọ, ó ya sí ìhà kan àbí kò ya, mìlílítà ẹ̀jẹ̀ mélòó ló dànù, kí ni wọ́n rí lórí ọmọ. Kó fi ìwé náà pamọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tètè tó o.